Ìbọn Bàbá Ọkọ Mi Lórí Tábìlì Aránṣọ

Epo maṣíìnì ni bàbá ọkọ mi kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Kétu, ìyẹn yàrá iwájú nínú ilé tí a háyà. Mò ń so apá mọ́ bùbá kan, n kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo na ìgò epo náà sí wọn. Bàbá gbà á, ṣùgbọ́n wọn ò kúrò lójú kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àkísà ń kọ́?" Àkísà kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Mo ṣa díẹ̀ nílẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, wọn ò lọ. Ìgbà náà ni àyà mi já. Ẹni tó ń wá epo, tó tún ń wá àkísà, irin ló fẹ́ nù, irin kan ṣoṣo ló sì wà tí bàbá ọkọ mi ní láyé.

Ìbọn ṣakabùlà ni, ìbọn ọdẹ gígùn tí wọ́n máa ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù sí nínú. Òkè Ògùn ni wọ́n ti gbé e wá nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, tí a ní kí Bàbá má dá gbé mọ́, kí wọ́n wá máa bá wa gbé l'Ékòó. Ọkọ mi ní ìbọn ò ní wọ ilé òun, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun. Bàbá ní kò burú, ibi tí ìbọn bá sùn ni òun náà yóò sùn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí kí wọ́n tó fẹnu kò pé kí ó wà nínú àjà. Àjà ibo? Àjà yàrá àwọn ọmọ mi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni pákó rẹ̀ ṣeé ṣí. Èmi gan-an kì í ṣe akínkanjú tẹ́lẹ̀. Mo máa ń yẹ sítóòfù wò kí n tó sùn, màá sì tún dìde lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ń ta ìbẹ̀rù ní Mile 12, èmi ni wọn ì bá fi jẹ ìyálọ́jà. Láti ìgbà tí ìbọn náà ti gòkè àjà, mo kàn ń gbójú sókè ni nígbàkígbà tí mo bá wọ yàrá àwọn ọmọ.

Bàbá jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó lé. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti kú nílé, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n ti sin ín. Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ọdẹ máa ṣe ìṣípà rẹ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń yọ òkú ọdẹ kúrò nínú ẹgbẹ́, kí ó má bàa tún padà wá máa bá wọn rìn nínú igbó. Gbogbo ẹni tó bá a ṣọdẹ gbọ́dọ̀ yìnbọn, ìbọn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì yìn.

Mo ní, "Bàbá, wọn ò lè yá yín ní ìbọn níbẹ̀ ni?"

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n yá bàbá ẹlòmíràn. "Ìbọn àyálò? Fún ẹni tó ti gbé mi lẹ́yìn jáde nínú igbó? Ìyàwó mi, ìyẹn ò ṣeé ṣe o. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ojú ọ̀tún mi sì ti ṣú. Wá bá mi nù ún. Má sọ fún ọkọ rẹ."

Kí ni kí n ṣe? Ọkọ mi ti lọ sí Ojota, níbi tó ti ń ṣe rìwáyà mọ́tò, àwọn ọmọ sì wà níléèwé. Ìyàwó ilé kì í dédé wo ojú bàbá ọkọ rẹ̀ kó sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi dìde. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú, ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ìbọn onípẹtà fọ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún. Àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́ kù fún un ní ọwọ́ náà, òun ló sì máa fi ń kí wa bí a bá ń kọjá lọ sí iléèwé, tí àwa yóò sì sá. Mo mọ bàbá ọkọ mi. Bí n kò bá nù ún, wọ́n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa yìn ín bẹ́ẹ̀. Tí ó bá fọ́, ojú tó ṣẹ́ kù lè bá a lọ, ẹ̀mí gan-an lè bá a lọ. Mo kó aṣọ kúrò lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.

Bàbá lọ gbé ìbọn náà sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ògiri, wọ́n wúkọ́. "Ìyàwó mi, má bínú o. Ìyá ọkọ rẹ ló yẹ kó bi ọ́ ní irú èyí. Nǹkan yín ti oṣooṣù yẹn... ṣé o ò sí níbẹ̀?"

Ó yé mi. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í fọwọ́ kan ìbọn ọdẹ. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ẹ̀ wọlẹ̀. Mo ní, "Mi ò sí níbẹ̀, Bàbá." Wọ́n ní, "Ó dáa." Ó pẹ́ díẹ̀ kí èmi àti wọn tó tún wo ojú ara wa.

Nígbà tí a tú ẹní tí wọ́n fi wé e, ìyẹ̀fun igi tí kòkòrò ti jẹ ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Ọ̀pá irin rẹ̀ ti pọ́n fún ìpẹtà láti ẹnu títí dé ìdí. Bàbá bu ojú lù ú, mo sì rí i pé ó dùn wọ́n. Wọ́n yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ki ìbọn kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n so àkísà mọ́ ọn lẹ́nu, kí n tẹ̀ ẹ́ bọ epo, kí n máa tì í wọlé, kí n máa fà á jáde.

"Má kọjú rẹ̀ sí ara rẹ," Bàbá ní. "Bó ti wù kó ṣófo tó, ìbọn kì í ṣófo lójú ọdẹ."

Mo dúró. "Ṣé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, Bàbá?"

"Kí ni yóò wà níbẹ̀?"

Ẹ̀yìn ìgbà tí ohun gbogbo parí ni mo tó rò ó pé ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Nígbà náà, mo kàn gbà pé kò sí nǹkan ni, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àkísà àkọ́kọ́ jáde, ó dúdú bí omi àgbo. Ìkejì náà jáde bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lo bíi mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀, òógùn sì ti bò mí. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ń dé ibì kan, kì í kọjá ibẹ̀. Mo tì í, ó kọ̀. Mo fi gbogbo ara lé e, tábìlì ké, ó kọ̀.

Bàbá ní ìpẹtà ló dí i. Wọ́n tún ní ó lè jẹ́ agbọ́n ló gba ẹnu rẹ̀ wọlé lọ fi amọ̀ kọ́lé síbẹ̀, pé àwọn agbọ́n Èkó ò ní ìtìjú. Bó bá jẹ́ ilé ni a wà, wọ́n ní àwọn ì bá yá a lórí ẹ̀yinná díẹ̀, irin á gbóná, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì tú.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú mi wà lórí tábìlì. Wọn ò mú iná wá láti àárọ̀, mo sì ti kóná sínú rẹ̀ nítorí àwọn aṣọ ìgbéyàwó kan tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà lópin ọ̀sẹ̀. Mo wò ó. Èmi ọlọ́gbọ́n ṣọ́ọ̀bù mo ní, "Bàbá, a lè lọ̀ ọ́."

"Ká lọ kí ni?"

"Ká lọ ìbọn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ikú ọ̀rẹ́ wọn, n kò gbọ́ ẹ̀rín wọn. Inú mi dùn pé èmi ni mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo fi omi sára aṣọ funfun kan, mo tẹ́ ẹ lé ìbọn lórí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, mò ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń lọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Aṣọ náà ń rú èéfín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Madam!"

Ìyàwó ọlọ́pàá tó ń gbé ilé kejì ni. N kò mọ ìgbà tí mo fa odindi ìgàn ànkárá bo orí tábìlì. Bàbá ti wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, n kò mọ bí arúgbó ṣe lè yára tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wọlé, ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara rẹ̀ lábẹ̀bẹ̀.

"Blouse mi ń kọ́? Saturday ni wedding yẹn o, mi ò fẹ́ story."

Mo ní, "Ó ti ń parí, Aunty mi. Ó ku bọ́tìnnì."

Ó na ọwọ́, ó tẹ orí tábìlì. "Kí lẹ̀ ń lọ̀ tó gùn tó báyìí?"

"Kọ́tìnì ni."

"Pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀ nínú?"

Mo ní, "Ọ̀pá ẹ̀ ló wọ́, mo ní kí n fi áyọ́ọ̀nù nà án díẹ̀."

Mo rò pé ó ti tán fún mi. Mo ti ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, mo ti ń wo ara mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí àwọn ọmọ mi ń ti iléèwé dé, tí wọn ò bá ìyá nílé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà la ẹnu, ó pàtẹ́wọ́. "Ah! Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Tèmi ní parlour náà ti wọ́ o, daddy wa ló fara tì í. Tẹ́ ẹ bá ti parí èyí, màá gbé e wá."

Mo ní kó máa gbé e bọ̀. Kí ni n kò ní gbà? Ó tún jókòó díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa bí tòmátì ṣe wọ́n lọ́jọ́ náà, kó tó lọ. Nígbà tí mo ṣí aṣọ ìkélé, Bàbá ti di ẹnu mú, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Èmi ò lè rín in. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ.

Nígbà tí mo gba ara mi padà, mo tún lọ ìbọn náà sí i. Mo ti kọjá ìdajì, mo ti ń sún mọ́ ìdí. Mo fi ọ̀pá náà tì í wò. Ibi tó ti dúró tẹ́lẹ̀ náà ló tún ti dúró. Ni Bàbá bá ní kí n mú ṣọ́ọ̀kì mi, kí n fi sàmì sára ọ̀pá náà níbi tí ẹnu ìbọn mọ, kí n fà á jáde, kí n wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Bí inú ìbọn bá ṣófo, ẹnu ọ̀pá yóò dé ẹ̀gbẹ́ ihò kékeré tó wà nídìí rẹ̀, níbi tí iná ń gbà wọlé. Mo tẹ́ ẹ. Ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó dé ibẹ̀.

Mo ní, "Amọ̀ agbọ́n yìí mà pọ̀ o."

Bàbá tún fi ọwọ́ tiwọn wọn ibi tó kù náà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn pátápátá. Wọ́n gbójú sókè wo áyọ́ọ̀nù tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, tí ẹ̀yinná ń pọ́n yòò láti inú àwọn ihò ara rẹ̀.

"Ìyàwó mi, gbé áyọ́ọ̀nù yẹn jáde. Rọra. Má sáré."

Bí wọ́n ṣe sọ "má sáré" yẹn ló jẹ́ kó yé mi. Mo gbé e, mo rìn bí ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná kọjá lórí ọmọ tó ń sùn. Mo dé ìta, mo da gbogbo iná náà sínú gọ́tà, ó ké ṣáà. Mo dúró níbẹ̀. Àwọn èrò ń lọ, wọ́n ń bọ̀, ẹnìkan kí mi, n kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Mo ti fi iná lọ ìbọn tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dé ibi tí ẹ̀tù náà wà. Ọkàn mi ní kí n má padà wọlé, kí n máa lọ sí Ojota lọ pe ọkọ mi. Ṣùgbọ́n Bàbá nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo padà wọlé.

Wọ́n ti jókòó. Mo ní, "Ẹ̀tù ni?"

"Ẹ̀tù àti àkísà tí mo fi dí i. Kò sí ọta níbẹ̀."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Èmi ni. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá ọkọ rẹ."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi àti àwọn ìyàwó ilé la wà nídìí ìkòkò. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá ti inú ilé jáde pẹ̀lú aṣọ ọdẹ lọ́rùn, ìbọn lọ́wọ́. Ọkọ mi dìde láàárín àwọn èrò, ó lọ bá wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ìbọn. Ó ní, "Bàbá, ìyá mi kì í ṣe ọdẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sin ín." Gbogbo ojú ló ń wò wọ́n. Bàbá yí padà, wọ́n wọlé, àwa sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò di ariwo. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bèèrè ohun tó wà nínú ìbọn náà.

"Kì í ṣe ọdẹ," Bàbá ní. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wọn bí ẹní ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. "Ta ló ń jí gbé fìtílà lé mi lórí nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹran tí mo pa, ta ló ń yan án tí ojú ẹ̀ ń pọ́n lẹ́nu èéfín? Tí mi ò bá tètè dé, ta ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó? Ọdẹ wo ló tún kù?"

Ó yẹ kí àánú wọn ṣe mí, ó sì ṣe mí. Ṣùgbọ́n ìbínú ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo rántí bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ wá sí Ojota, tí ìbọn náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láàárín èrò. Mo rántí àjà. Mo rántí àwọn ọmọ mi méjèèjì lábẹ́ rẹ̀, tí ọkọ mi ń fi ìbẹ̀rù mi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò gbé ohùn sókè sí bàbá ọkọ mi rí, ṣùgbọ́n mo gbé e sókè lọ́jọ́ náà.

"Ẹ mọ̀? Bàbá, ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ wá gbé e sórí àwọn ọmọ mi?"

"Mi ò mọ̀!" Ohùn tiwọn náà lọ sókè. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn máa yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé wọ́n ti yọ ọ́. Mi ò bi wọ́n." Wọ́n wo ìbọn náà. "Mi ò fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́ ni mi ò ṣe bi wọ́n."

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ọjọ́ náà máa parí sí, pé a máa yọ ọ́, a ó sì dúpẹ́. Àfi bí mo ṣe rí i tí ojú Bàbá ń yí padà. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa ìdí ìbọn náà lára, bí wọ́n ṣe máa ń pa orí ọmọ mi kékeré.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," wọ́n ní. "Tìrẹ ò tíì lọ." Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìyàwó wọn tó ti kú ni. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí mi. "Kó wà bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé, tí ìbọn àwọn yòókù bá ń dún, tiẹ̀ náà á dún láàárín wọn. Ta ló máa mọ̀?"

Mo sọ fún wọn pé ìpẹtà ti jẹ ọ̀pá náà. Mo sọ nípa ọkùnrin Ìjẹ̀bú àti àtàǹpàkò rẹ̀. Bàbá mọ gbogbo rẹ̀ jù mí lọ. Wọ́n ní, "Ó lè fọ́. Ó sì lè má fọ́." Ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ló dẹ́rù bà mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo rí i pé bó bá fọ́ pàápàá, wọn ò ní ka ìyẹn sí.

Mo kúnlẹ̀. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀tù tó ti bàjẹ́ lẹ fẹ́ yìn fún Màmá? Tó bá kàn sín pẹ́ẹ́ bí ẹni tó ní ọ̀fìnkìn ń kọ́, lójú gbogbo ọdẹ? Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá máa yìn fún wọn, ẹ yin tuntun."

Lóde, kọ̀ǹdọ́ bọ́ọ̀sì kan ń pe Ìkòsì, Ìkòsì. Orúnkún mi ti ń dùn mí lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Bàbá wá ní, "Bu omi wá. Omi tútù."

A da omi sí i lẹ́nu, a jẹ́ kó mu ún dáadáa, a tún da òmíràn sí i, títí omi dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ihò kékeré ìdí rẹ̀ sínú báàfù. Bàbá ní a ò gbọ́dọ̀ fi irin kàn án kí omi náà tó jáde. Mo na hángà kan, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ́ ẹnu rẹ̀ bí ìwo àgbò. Wọ́n fi orúnkún méjèèjì di ìbọn náà mú, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri, èmi sì ń ti ẹ̀gbẹ́ na ọwọ́ yí wáyà náà nínú rẹ̀, mò ń ka Sáàmù nínú ọkàn mi. Ó gbá nǹkan mú. Mo fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ̀ lé mi, títí ó fi jáde.

Àkísà dúdú kan tó ti le ni. Mo fẹ́ jù ú sínú báàfù, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ aránṣọ kì í sì í tẹ aṣọ lásán. Etí kan rẹ̀ nípọn. Mo fi omi fọ ibẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi ni mo rí. Mo mọ bí mo ṣe máa ń ṣẹ́ etí aṣọ fún àwọn tí mo bá fẹ́ràn, tí n kì í fi maṣíìnì ṣe é. Bùbá tí mo rán fún ìyá ọkọ mi ní Kérésìmesì ni.

Mo wo Bàbá. Wọ́n ní, "Òun ló wọ̀ kẹ́yìn. Mo ní kí nǹkan tiẹ̀ bá a jáde."

Èmi ni mo sunkún. Bàbá ò sunkún, wọ́n kàn gba àkísà náà lọ́wọ́ mi ni. Lẹ́yìn náà, a fi omi gbígbóná ṣan ìbọn náà títí omi fi mọ́, a nù ún, a fi epo maṣíìnì pa á. Nígbà tí mo ti ọ̀pá náà wọlé, ó kan ìdí irin, ó dún kọ̀ọ́. Bàbá fi ìka lu ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Wọ́n ní ó máa gbà á, tí ẹ̀tù ò bá pọ̀ jù. Mo bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú. Wọ́n ní kò sí ọdẹ tí nǹkan ń dá lójú.

Mo fọ ègé aṣọ náà, mo sá a sórí okùn lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti rí i nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, tó lọ fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wọlé. Ó mú un lọ́wọ́. "Aṣọ Màmá nìyí. Kí ló jó o báyìí?"

Bàbá ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń retí ariwo. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ ẹ́ jọ. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò jẹun. Kí ó tó lọ sùn, ó yọjú sí Bàbá, ó ní, "Mo máa bá yín lọ ní Sátidé," ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyẹn kò fọkàn mi balẹ̀ rárá. N kò mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ lọ fi ọwọ́ bo ẹnu ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, níwájú gbogbo ọdẹ. Mo bi í, ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn.

Wọ́n gbéra ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, wọ́n fi ẹní wé ìbọn. Mo rán aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wọn nígbà náà ni, orí àpáta kan lẹ́yìn ọjà nìkan ni wọ́n ti ń rí i. Mo ro gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Mo ro ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Mo ro ìpẹtà tí ojú mi ò rí nínú ọ̀pá náà. Èmi ni mo nù ún. Bó bá fọ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fọ́ mọ́ wọn lójú. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìyàwó kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé n kò mọ ohun tí mò ń rán.

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà ọkọ mi ni. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí létí, lẹ́yìn náà ohùn Bàbá, wọ́n ń kígbe bí ẹni tó fẹ́ kí Kétu gbọ́ ọ láìsí fóònù.

"Ìyàwó mi!"

"Bàbá! Ọwọ́ yín ń kọ́? Ojú yín ń kọ́?"

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di fóònù yìí mú, ọkọ rẹ ní kí n má jẹ́ kó bọ́."

"Ó dún?"

"Ó dún gbòlà! Mo yìn ín fún ọ̀rẹ́ mi. Mo wá gbé e kalẹ̀, mo ní ó tó." Ohùn wọn wálẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ẹ̀ gbé e lọ. "Ọkọ rẹ ló tún gbé e fún mi. Ó ní, 'Bàbá, ó ku ti Màmá.' Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ bu ẹ̀tù sí i."

Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n fóònù ti já. Mo jókòó síbẹ̀ tí mo ṣì gbé e sí etí, mò ń sunkún sórí aṣọ ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni.